Oògùn Olóró: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Yẹ Igbá Tiwa Wò

  

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ owó ìgbálẹ̀ ọjà àti páànù tó ń jò níwájú àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé wa lóṣù yìí. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì kí n tó fi í sílẹ̀. Páànù á dúró. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ló wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kan ní ọmọ òun kì í sùn lóru mọ́, ọjọ́ tó bá sì sùn, jíjí á di iṣẹ́. Ọ̀kan ní gbogbo ohun tí òun bá kó pamọ́ sínú ilé ló ń pòórá, títí dórí ìkòkò irin àti aṣọ ẹbí. Ẹnì kẹta ò lè parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹkún ló ń sun. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń sọ pé, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o." Ọ̀kan ò mọ̀ pé èkejì wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ara wọn ni wọ́n ti ń tajà, ìsọ̀ wọn ò jìnnà síra.

Mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ kiri.

Tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, mo ti mọ ohun tí à ń sọ. A ó ní àwọn ọmọ Pólì ló kó o wọ̀lú. A ó ní àwọn ọmọ Yàhúù ni. A ó ní gáréèjì ni, ọlọ́kadà ni, ayé ló bàjẹ́. Lóòótọ́, ìlú wa ti fẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gbogboonìṣe sílẹ̀ ní Ẹdẹ lọ́dún 1992, tí Yunifásítì Redeemer's àti ti Adélékè náà tún wá, ọmọ ọlọ́mọ láti ibi gbogbo ló ń gbé àárín wa. Àwọn náà ni wọ́n ń ra ìrẹsì àti tòmátì lọ́wọ́ wa, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn. Àmọ́ ká tó na ìka sí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká rìn yíká ọjà tiwa ná, láti Ọjà Tìmì títí dé Òwòdé. Ta ló ń kiri hóró oògùn nínú ọ̀rá dúdú láàárín wa, tó ń pariwo "ara ríro, ẹ̀yìn dídùn, orúnkún"? Ta ló ń pè é kó wá tà fún òun? Ta ló to ìgò páraga sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ kùtù, kí alábàárù tó gbé ẹrù àkọ́kọ́? Ṣé ọmọ Pólì ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ju àhesọ lọ. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètò ìṣirò nílẹ̀ wa, NBS, àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù kìíní 2019. Wọ́n rí i pé nínú èèyàn méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, ẹnì kan ti lo oògùn olóró tàbí kó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan péré. Iye wọn lápapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 14.3. Ẹkùn ilẹ̀ Yorùbá tiwa níbí ló sì léwájú gbogbo ẹkùn yòókù: nínú 100 èèyàn, ó lé ní 22. Igbó ló pọ̀ jù, mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló lò ó. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ya èmi lẹ́nu. Mílíọ̀nù 4.6 ló ń lo tramadol, kodíìnì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Nínú ẹni mẹ́rin tó ń lo oògùn, obìnrin ni ẹnì kan. Wọ́n tún sọ pé níbi igbó, ọkùnrin ló pọ̀ jìnnà, àmọ́ tó bá di oògùn ìrora, oògùn ikọ́ àti oògùn oorun, obìnrin ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọkùnrin mọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín ka gbólóhùn yẹn fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi gan-an wà níbẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, kí n tó gbà láti kọ ọ́, torí akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mí, mo sì ti dàgbà. Ní 2016 ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ mọ irú rẹ̀. Ọmọ kan tó ń kiri oògùn ta kápúsù aláwọ̀ méjì fún mi, ó ní, "Ìyá, ẹ lo ọ̀kan péré, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo lò ó. Hà! Ẹ̀yìn ò dùn mí mọ́, ebi ò pa mí, ó rẹ àwọn ẹgbẹ́ mi, kò rẹ̀ mí, mo tajà títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tún lọ sí ìnáwó lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbàdúrà fún ọmọ yẹn. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ọ̀kan ò ràn án mọ́, méjì ni mò ń lò. Ọjọ́ tí n kò bá rí i lò, imú mi á máa ṣomi, òógùn á bò mí, inú á máa ṣí mi, ara á máa já mi bí ẹni tí èèrùn wọ aṣọ rẹ̀, oorun ò sì ní wá. Mo rò pé àìsàn ẹ̀yìn náà ló ń le sí i. Mi ò mọ̀ pé oògùn ọ̀hún ló ti di ọ̀gá mi.

Ọmọ ọmọ mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ọmọ ọdún 16 ni. Òun ni mo máa ń rán sí ọmọ oloògùn. Èmi ni mo fi owó sí i lọ́wọ́. Ó rí i pé kì í rẹ ìyá àgbà tó bá ti lo nǹkan yìí, lòun náà bá ń yọ ọ̀kan nínú tèmi tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, kò dúró de ìdánwò mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gìrì mú un, ojú rẹ̀ yí sókè, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé ní wárápá ni. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Wọ́n sáré pe àfáà, wọ́n pe pásítọ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì sọ pé ká máa gbé e lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san. Dókítà ò béèrè ọ̀rọ̀ ayé lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyá, kí ni ọmọ yìí gbé mì?" Mo ní kò gbé nǹkan kan mì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ló dá a lóhùn pé, "Oògùn ẹ̀yìn ìyá àgbà ni." Nígbà tí wọ́n máa lọ gbé ọ̀rá náà wá láti abẹ́ ìrọ̀rí mi, tramadol 225 ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n là mí lóye, torí ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ohun tó bá ti jẹ́ oògùn òyìnbó, tó wà nínú páálí tó ń dán, kò lè burú. Dókítà máa ń fún èèyàn ní tramadol lóòótọ́, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún tàbí ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni òun àti kodíìnì àti hẹróìnì ti wá. Èyí tí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí ní Nàìjíríà kò ju ti mílígíráàmù 50 àti 100 lọ. Àwọn tí wọ́n kọ 200, 225 tàbí 250 sí lára, ẹrù òfin ni. Tó bá pọ̀ lára èèyàn, ó lè fa gìrì bíi ti wárápá, bó ṣe ṣe ọmọ mi. Ó lè dá èémí dúró lójú oorun, kí ilẹ̀ má mọ́ bá ẹni náà. Tí wọ́n bá wá fi ọtí tàbí oògùn oorun lé e, ewu rẹ̀ di ìlọ́po. Àwọn alábàárù wa àti ọlọ́kadà ń sọ pé ó ń fún àwọn lágbára. Kò fún wọn ní agbára kankan. Ó kàn ń di etí wọn ni kí wọ́n má gbọ́ ohun tí eegun ẹ̀yìn wọn ń wí, eegun náà sì ń jẹ lọ nísàlẹ̀.

Bákan náà ni oògùn ikọ́. Ìyá wo nínú wa ni kò ra oògùn ikọ́ olómi fún ọmọ rí? Ní ìparí oṣù kẹrin 2018, BBC gbé fídíò kan jáde tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń ta oògùn ikọ́ oníkodíìnì fún àwọn ọ̀dọ́ bí ẹni ń ta mínírà. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ̀ lára ò torí ìkéde jáwọ́. Ó wá nǹkan míràn: tramadol, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, èéfín tí wọ́n ń pè ní Colorado. Ní Sierra Leone, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, irú èéfín bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kush. Ó ba àwọn ọmọ wọn jẹ́ débi pé Ààrẹ Julius Maada Bio kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí oògùn olóró jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kẹrin 2024.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ wọn tiẹ̀ jọ tiwa jù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ bi wọ́n. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀daràn. Oògùn ìrora ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OxyContin, tó jáde ní 1996, tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn àti ẹni tó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ń sọ fún àwọn dókítà pé kì í tètè wọni lára. Ní 2007, wọ́n jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé àwọn ṣi àwọn èèyàn lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà náà, ó ti bọ́. Àwọn tó ti wọ̀ lára ti kọjá sórí hẹróìnì àti ohun tó le ju hẹróìnì lọ. Ní ọdún 2021 nìkan, èèyàn tó lé ní 100,000 ni oògùn àlòjù pa ní Amẹ́ríkà, ìlú tó ní ambuláǹsì ní gbogbo kọ̀rọ̀ o. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká wo abẹ́ ìrọ̀rí tiwa. Ọmọ tó rí ìyá tó ń fi oògùn gbé ọjọ́ rẹ̀, kí la fẹ́ sọ fún un?

Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Òfin tó lòdì sí ayédèrú oògùn nílẹ̀ yìí sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta oògùn tàbí kó kiri rẹ̀ níbi tí kò ní ìwé àṣẹ, ó sì dárúkọ àwọn ibẹ̀: ọjà, kíóósìkì, gáréèjì, ẹ̀bá títì, inú ọkọ̀. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti àwọn ọjà oògùn ńláńlá pa ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ní Onitsha àti ní Aba, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣí wọn padà. Àti ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, gbogbo wọn ni kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n wá ti ọjà tiwa pa nítorí ọ̀rá oògùn ẹnì kan, kí tòmátì àti ẹja máa jẹrà sínú. Òfin NDLEA tún le ju èyí lọ. Ẹni tó bá ń ta oògùn olóró lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí wọ́n máa kó o pamọ́ sí ìsọ̀ òun náà ń fi ẹ̀wọ̀n ṣeré.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé ẹ̀rù òfin nìkan ló máa tán an. Ní 1966 ni ìjọba ológun ti ṣòfin pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú sí i. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985 ni wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Kirikiri l'Ékòó lórí oògùn olóró, nígbà ìjọba Buhari àkọ́kọ́, tí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan nínú wọn sì ti wáyé kí òfin náà tó jáde. Èmi àti ìyá mi jọ ń tajà nígbà náà, mo rántí bí ọjà ṣe pa lọ́lọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ rédíò. Ní 1989 wọ́n dá NDLEA sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ gidi. Igbó kò tíì tán nínú igbó.

Ohun tó ń ba ilé jẹ́ jù lójú tèmi ni ìbòmọ́lẹ̀. Ìyá á rí i pé ojú ọmọ ti pọ́n, pé kò jẹun, pé ó ti kó àwọn ọ̀rẹ́ tuntun jọ, pé owó ń dín nínú àpò ọjà, á ní àárẹ̀ ni. Á ta wúrà rẹ̀ láti fi san gbèsè ọmọ. Bí ẹ bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní ó lọ sí Èkó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kọjá agbára rẹ̀, á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa so ó mọ́lẹ̀ lóru kí aládùúgbò má baà rí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn ọlọ́pàá bá ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 nínú ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n bá 259 èèyàn ní agbègbè Òjòó n'Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Òbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ wọn lọ, lórí ọ̀rọ̀ oògùn tàbí oríkunkun. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sìn ṣe é o. Àjọ Human Rights Watch sọ lóṣù yẹn pé àwọn rí irú ìdè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mùsùlùmí, lọ́dọ̀ ìjọ, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ọsibítù ìjọba pàápàá.

Mi ò bá ìyá kankan wí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ lé jáde nílé lè mú un lọ síbikíbi. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ìdè àti pàṣán kì í wo ó. Ara tí oògùn ti wọ̀ máa ń jà tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọtí líle tàbí oògùn oorun ló ti wọ̀ ọ́ lára, kíkúrò lójijì láìsí olùtọ́jú lè pa á. Àìsàn ni, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọsibítù Arò wà l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 láti máa jẹ́ kí aláìsàn gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka tó jẹ́ ti àwọn tí oògùn ti wọ̀ lára. Nítòsí, ọsibítù ńlá OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ́fíìsì NDLEA tó wà l'Óṣogbo ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń mú èèyàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì lè gbé e débẹ̀ lè pe nọ́ńbà NDLEA lọ́fẹ̀ẹ́: 0800 1020 3040. Mo mọ̀ pé owó ìtọ́jú kì í ṣe kékeré. Ìwádìí 2018 yẹn náà sọ pé nínú mẹ́wàá àwọn tí oògùn ti wọ̀ lára gan-an, ó tó mẹ́rin tó fẹ́ ìtọ́jú tí wọn ò rí i gbà, owó àti ìtìjú sì wà lára ohun tó fà á. Owó, ẹgbẹ́ lè gbọ́. Ìtìjú ni kálukú wa máa bọ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n dín tèmi kù díẹ̀díẹ̀ ní ọsibítù, ó gbà mí ní oṣù méjì gbáko. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, mo ti fi gbígbé àpò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ ọmọ mi pẹ́ jù mí lọ. Ó ti fi í sílẹ̀, ó tún padà sí i, mo sunkún, mo ní gbogbo owó ti ṣègbé. Wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká tún gbé e bọ̀. A tún gbé e lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ fíríìjì báyìí, mo sì máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa tó bá wọlé lálẹ́.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á láàárín wa. Ọ̀rọ̀ yìí nira, torí ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ ju àwọn mìíràn lọ. Opó wà nínú wọn, ẹni tó fi páraga rán ọmọ níléèwé wà nínú wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ pe àwọn méjì lára wọn, ọ̀kan béèrè pé, "Tí n bá dá a dúró lónìí, kí ni mo máa tà lọ́la?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nínú wa lọ́jọ́ náà. Àgbo tí a fi omi sè, èmi ò bá a jà, òun la fi tọ́ wa dàgbà. Àwọn bàbá wa ń jẹ obì kí oorun má baà gbé wọn lórí iṣẹ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, tí wọ́n tún ju ewé igbó tàbí hóró tramadol sí, orúkọ àgbo kọ́ ló yẹ ká máa pè é. Ọtí inú ọ̀rá tí kò tó àmu ẹ̀ẹ̀mejì, tí ọmọ iléèwé lè fi sápò, NAFDAC gbógun tì í ní oṣù kejì 2024, ariwo sọ, wọ́n sì tún sún ọjọ́ síwájú. Àwa ò ní láti dúró dè wọ́n ká tó ṣòfin nínú ọjà tiwa.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá síwájú yín rèé, kí ẹ sì wá bá wa jiyàn lé e lórí. Ẹni tó bá ń kiri hóró oògùn ò ní wọ ọjà mọ́, olùṣọ́ ọjà á máa dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní oògùn lórí igbá rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta láti tà á tán kúrò... rárá o, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣi kọ ọ́: kò gbọ́dọ̀ tà á tán fún ẹnikẹ́ni, kó kó o wá fún ẹgbẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta yẹn, ọjà míràn ló máa fi wá. A fẹ́ yọ lára owó àjọṣe ẹgbẹ́ láti yá a láìsí èlé, kó fi bẹ̀rẹ̀ ọjà tí òun bá mọ̀ ọ́n tà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan àwọn, pé àwọn ò ta oògùn, kí ló dé tí owó àwọn á fi lọ síbẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ lójú ìpàdé, ẹ má sọ ọ́ lẹ́yìn ìsọ̀.

Àwọn ìyá mẹ́ta tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ti gbà pé àwọn fẹ́ mọ ara wọn. Mo ti fi wọ́n han ara wọn nínú ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n pariwo, wọ́n dì mọ́ra, ọ̀kan ní, "Àṣé ìwọ náà!" Ẹni tó bá fẹ́ wá bá wọn jókòó, ilé mi ò ṣòroó mọ̀, kó wá láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà. A ò ní kọ orúkọ sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé oṣù yìí, ẹ yẹ abẹ́ ìrọ̀rí, inú àpò ọjà àti inú agolo wò, kí ẹ kó gbogbo hóró oògùn tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ dání. Apòògùn kan tó ní ìwé àṣẹ ti gbà láti wá bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó sì kó o lọ fún bíba jẹ́, kò ní béèrè ẹni tó ni ín. Mo rí mẹ́rin nínú tèmi àtijọ́ lọ́jọ́ tí mo ń tú àpótí aṣọ, nínú aṣọ òkè tí n kò lò láti ìgbà náà. Èmi ni màá kọ́kọ́ kó tèmi sórí tábìlì.